Bíléèdì mẹ́ta, ikú mẹ́ta: èwo ni kí ẹ rà fún bandsaw kékeré?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní bandsaw kékeré kan, ayùn oníná tí bíléèdì rẹ̀ ń yí po lórí wẹ́ẹ̀lì méjì, tí mo fi ń gé irin, irú èyí tí orí rẹ̀ ń rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin tí kò nípọn ni mo ń gé jù, àti áńgù-áyọ́ọ̀nù, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn rọ́ọ̀dù gidi, tí kò ní ihò nínú, náà máa ń wà níbẹ̀. Bíléèdì mẹ́ta ti bá a lọ. Ti àkọ́kọ́, eyín rẹ̀ wó lórí páìpù. Mo wá ra eléyín 24 nínú íǹṣì kan. Ìyẹn ò wó, àmọ́ ó ń pẹ́ lórí rọ́ọ̀dù bí ẹni pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì ń gé e wọ́. Ìkẹta já nítòsí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí n lọ ra bimetal, èyí tí wọ́n fi irin méjì jó pọ̀ ṣe, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ó sì wọ́n ju èyí tí mò ń rà lọ dáadáa. Ṣé òótọ́ ni? Eyín mélòó ni kí n rà?"

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ká tó dárúkọ bíléèdì kankan, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí síra, torí ẹjọ́ mẹ́ta lẹ kó pọ̀ sójú kan. Ikú tó pa àkọ́kọ́ kọ́ ló pa èkejì. Eyín àkọ́kọ́ jìnnà síra jù fún páìpù tí ẹ fi í gé. Èkejì ò tilẹ̀ kú rárá, iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ gbé fún un. Ìkẹta lè jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó jó o pọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ yín. Bimetal dára, mi ò ní kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí èyí tí bimetal nìkan lè bá yín dá. Bí ẹ bá ra bimetal tí eyín rẹ̀ jìnnà síra bíi ti àkọ́kọ́, eyín olówó gọbọi ni yóò wó lọ́tẹ̀ yìí.

Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lára páálí bíléèdì, 14 ni o, 18 ni o, 24 ni o, iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan ni. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Lára eléyín 14, láti ṣóńṣó eyín kan dé ti èkejì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.8, lára eléyín 24, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 1. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé eyín tó wà nínú irin lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, kò sì yẹ kó ju mẹ́rìnlélógún lọ. Láàárín mẹ́fà sí méjìlá ló ti máa ń dùn ún gé jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin náà gbọ́ ni pé bí irin ṣe tóbi lójú ni wọ́n ń wò. Páìpù 40 sí 40 tóbi lójú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe 40 ni bíléèdì ń gé fún ọ̀pọ̀ jù nínú àkókò tó fi wà níbẹ̀.

Ẹ fojú bá bíléèdì lọ díẹ̀. Nígbà tó bá kọ́kọ́ kan páìpù, ògiri òkè ló tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ dè é, mìlímítà 40 gbáko, eyín bíi méjìlélógún lára eléyín 14 ló sì jọ ń fọwọ́ kan irin. Gbogbo nǹkan ń lọ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ti la ògiri yẹn já báyìí, ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ ni ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: mìlímítà 2 níbí, mìlímítà 2 lọ́hùn-ún, òfìfo láàárín. Ẹyọ eyín kan ló máa wà nínú ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹrù orí ẹ̀rọ tí eyín méjìlélógún ń pín gbé wá di ti eyín méjì. Orí ẹ̀rọ já wálẹ̀ díẹ̀, ògiri páìpù bọ́ sínú kòtò tó wà láàárín eyín kan sí èkejì, eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì forí gbá a bí ẹni tó ń sáré lóru tó kọlu òpó. Bí eyín kan bá ti kán, kòtò ibẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, èyí tó tẹ̀ lé e á tún gbá a ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ó kàn gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni. Kí ẹ tó na ọwọ́ pa iná, apá kan lára bíléèdì ti káyín.

Bí a bá ní ká fi òfin eyín mẹ́ta dè é, ògiri mìlímítà 2 ń fẹ́ eyín 38 nínú íǹṣì kan, ẹ ò sì ní rí irú rẹ̀ rà fún ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, a máa ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú òfin náà lórí páìpù ni. Fún ògiri mìlímítà 1.5 sí 3, èyí tí wọ́n kọ 14/18 sí lára, tí eyín rẹ̀ ń yí láàárín 14 sí 18 nínú íǹṣì kan, ni ẹ wá. Kò kún òfin, àmọ́ bí ẹ bá dín ẹrù orí ẹ̀rọ kù, yóò ṣiṣẹ́ láì wó. Tí ògiri bá fẹ́lẹ́ ju 1.5 lọ, ibẹ̀ gan-an ni eléyín 24 yín ti wúlò, ẹ má sọ ọ́ nù. Ọgbọ́n mìíràn tún wà: ẹ gbẹ́ igi kan kó há dáadáa nínú páìpù níbi tí ẹ fẹ́ gé. Igi yẹn á gbé ẹrù tí òfìfo ò lè gbé, bíléèdì á sì gé e pọ̀ mọ́ irin láì janpata.

Ọ̀rọ̀ áńgù tún yàtọ̀. Bí a ṣe gbé e sínú báìsì, ìyẹn ohun tó ń di irin mú, ló ń pinnu iye eyín tó máa fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń fi apá kan lélẹ̀, kí apá kejì dúró gangan. Bíléèdì á bẹ̀rẹ̀ lórí mìlímítà 3, á máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀, ó bá mìlímítà 40 pàdé lójijì. Èyí tó yẹ ni kí ẹ dojú rẹ̀ dé bí òrùlé ilé, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí igun rẹ̀ kọjú sókè. Báyìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan á máa fi nǹkan bíi mìlímítà 4.2 kan bíléèdì, torí gígé rẹ̀ ti dagun, kò sì ní sí ìyàlẹ́nu kankan. Ti irin pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má nà án ró, pàápàá bí kò bá nípọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí rọ́ọ̀dù tí eléyín 24 ò lè gé. Rọ́ọ̀dù mìlímítà 50, bí bíléèdì bá dé àárín rẹ̀, eyín bíi mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà nínú irin lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù orí ẹ̀rọ kékeré kò pọ̀. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́tàdínláàádọ́ta, ohun tó kan eyín kọ̀ọ̀kan kò tó láti wọ irin lára, fífi ara ha irin ni yóò kàn máa ṣe. Fífi ara ha yẹn ló ń pa eyín, torí pé ooru ló ń mú jáde, kì í ṣe èérún. Ìwọ̀nba èérún tó bá sì rí gé, kòtò eyín 24 kéré débi pé ó ti kún kí eyín náà tó jáde lódìkejì. Èérún ò ríbi lọ, eyín ò lè wọlé sí i, bíléèdì bá ń wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kó gé wọ́. Èèyàn á wá fi ọwọ́ tẹ orí ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kó lè tètè tán, ìyẹn sì ni yóò bà á jẹ́ pátápátá, torí bíléèdì tó fẹ́lẹ́ tí a ń fi ipá tẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ ni. Fún rọ́ọ̀dù mìlímítà 20 sí 50, 8/12 ló bá a mu. Bó bá ti ń sún mọ́ 75, 6/10 dára jù.

Nọ́ńbà méjì bíi 10/14 máa ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Kì í ṣe pé ẹ lè yàn nínú méjèèjì. Eyín rẹ̀ ni kò jìnnà síra bákan náà: ibì kan sún mọ́ra bíi ti eléyín 14, ibì kan fàlà bíi ti eléyín 10, bẹ́ẹ̀ ló ń pa ara rẹ̀ dà yíká. Bí gbogbo eyín bá jìnnà síra dọ́gba, wọ́n á máa kan irin ní ìlù kan náà, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa hu, gbígbọ̀n yẹn a sì máa kán eyín. Èyí tó ń yí padà ń ba ìlù yẹn jẹ́. Bí owó bá wà fún ẹyọ kan péré, 10/14 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa fi sùúrù gé páìpù. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni méjì: 14/18 tí yóò máa wà lára ẹ̀rọ ní ọjọ́ púpọ̀, àti 8/12 tí ẹ ó fi kọ́ sára ògiri de ọjọ́ rọ́ọ̀dù. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹni tó ń fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń náwó jù lẹ́yìn ọ̀la.

Wàyí o, bimetal. Bíléèdì tó rọ̀ lówó, irin kan náà ni látẹ̀yìn dé eyín, irin kábọ́ọ̀nù, eyín nìkan ni wọ́n fi iná mú le. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá ti ń gbóná tó nǹkan bí 200°C, líle tí wọ́n fi iná fún un bẹ̀rẹ̀ sí í padà lẹ́yìn rẹ̀. Bimetal jẹ́ irin méjì: ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin bíi ti sípíríìnì, tó ń tẹ̀ tó ń padà, etí rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣe bíìtì tí a fi ń lu irin, tí wọ́n ti jó mọ́ ẹ̀yìn yẹn kí wọ́n tó gé eyín sí i. Irin etí yìí lè gbóná tó 600°C kó ṣì le. Èyí tí wọ́n kọ M42 sí lára ní kóbáltì bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì le ju M2, irú irin etí mìíràn, lọ. Ẹ wá kíyè sí i: ohun tí bimetal ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni kíkú eyín nítorí ooru àti ìhalára. Kò gbà yín lọ́wọ́ wíwó. Bí eyín bá ṣe le sí ni kò ṣe fẹ́ ìkọlù sí.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tí ẹ ń gé. Bí stainless bá wà níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ti tán, bimetal ni, torí stainless máa ń le sí i lójú ibi tí bíléèdì tó kú bá ti ha á. Bó bá jẹ́ irin lásán ni, tí ẹ sì ń gé lójoojúmọ́, bimetal á pẹ́ ju kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po mélòó kan, owó rẹ̀ á sì padà sápò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, kábọ́ọ̀nù tí iye eyín rẹ̀ bá a mu á ṣe yín lóore ju bimetal tí eyín rẹ̀ ò bá a mu lọ. Wọ́n tún lè fi eléyín carbide, ohun kan tó le gan-an, lọ̀ yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ kékeré a máa gbọ̀n, eyín carbide ò sì fara da gbígbọ̀n.

Èyí tó já ni mi ò lè dájọ́ rẹ̀ láì rí i, àmọ́ ẹ̀yin lè dá a fúnra yín bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́ nù. Ẹ wo ojú ibi tó já. Bó bá jẹ́ pé lórí ojú jíjó gan-an ló ti já, gbọọrọ, bí ẹni fi rúlà fà á, ẹni tó jó o ni kò fi iná rọ̀ ọ́ padà lẹ́yìn jíjó, ojú ibẹ̀ sì wá ń kán bíi gíláàsì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó ló ti já, tí lílà náà sì bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò eyín, ó ti rẹ irin ni, tàbí kí ẹ ti fà á le jù. Bí lílà bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ yẹ ẹ̀rọ wò: ẹ̀yìn bíléèdì ń ha etí wẹ́ẹ̀lì, tàbí béárìn ẹ̀yìn ti dì, kò yí mọ́. Ní ti rírẹ irin, ẹ gbé ìṣirò yìí wò. Bíléèdì yín gùn tó nǹkan bíi mítà 1.64, ó sì lè máa sáré mítà 61 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń yí po nǹkan bí ìgbà 37 nìyẹn, wẹ́ẹ̀lì méjì sì ń tẹ̀ ẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan: ó lé ní ìgbà 4,000 ní wákàtí kan. Wẹ́ẹ̀lì kékeré ń tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ ju ti ńlá lọ. Ìdí nìyí tí bíléèdì tó nípọn mìlímítà 0.9 kò fi gbọdọ̀ dé orí ẹ̀rọ yìí, kódà kí wọ́n fi ta ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mìlímítà 0.64 ni òpin rẹ̀.

Bí ẹ bá gba tuntun, kí ẹ tó gbé e sí ẹ̀rọ, ẹ rọra tẹ ojú jíjó kó ṣe bí ọrun. Ó yẹ kó tẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. Bí ó bá ṣẹ́ igun níbẹ̀, tàbí tó dúró gbọọrọ tí ìyókù tẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ fi rúlà ti ẹ̀yìn rẹ̀ lójú jíjó, kí ẹ rí i pé kò fò sókè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kí ẹ tó tú u o, torí wọ́n ń ká a sí ọ̀nà mẹ́ta ni, ó sì ń fò yọ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní 4×6, ń lo bíléèdì íǹṣì 64½, ìyẹn mìlímítà 1638, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.025. Ẹ má fi èyí rajà ṣá, ẹ wọn tiyín. Bíléèdì tó já náà ni òṣùwọ̀n tó dára jù: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́. Bí kò bá sí mọ́, ẹ gbé wẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fa bíléèdì le sí àárín ibi tó lè rìn dé, ẹ wọn àárín wẹ́ẹ̀lì kan sí àárín èkejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá fi 3.14 lọ́nà fífẹ̀ wẹ́ẹ̀lì kan, láti etí dé etí, kún un. Bí àárín sí àárín bá jẹ́ 537, tí wẹ́ẹ̀lì bá fẹ̀ ní 180, 1074 àti 565 fún yín ní 1639.

Gígé wọ́ tí ẹ ń fejọ́ rẹ̀ sùn kì í ṣe ti eyín nìkan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí béárìn tó ń di bíléèdì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá fàlà, bíléèdì tó wọ́n jù láyé á gé wọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn iná, ẹ fi ọwọ́ yí wẹ́ẹ̀lì: béárìn ẹ̀gbẹ́ yẹ kó máa bá bíléèdì yí, ṣùgbọ́n kí ìka kan lè dá a dúró. Béárìn ẹ̀yìn kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bíléèdì. Ẹ fa apá tó gbé béárìn náà sún mọ́ irin tí ẹ fẹ́ gé tó bó ṣe lè sún mọ́ ọn tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣọ̀lẹ, wọ́n á gé páìpù 40 tán, wọn ò ní fọwọ́ kan apá tó ṣí sí 100. Ẹ fa bíléèdì le. Àìfà á le tó ló wọ́pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ kékeré, ju kí ó le jù lọ. Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tó ṣì ń wọ́ sí apá kan ṣoṣo, eyín apá kejì ti kú, bóyá ó ti pàdé irin líle kan, ó sì ń fà sí apá tó ṣì mú. Ìyẹn ò ní àtúnṣe.

Ẹ wo ibi tí eyín kọjú sí pẹ̀lú. Ṣóńṣó eyín ló gbọdọ̀ wọ irin kọ́kọ́, kí ó bá ọfà tó wà lára ẹ̀rọ mu. Bí ẹ bá yí i lápá òsì lápá ọ̀tún tí kò bá a mu, ẹni tó tà á kò jẹ̀bi: inú bíléèdì náà ló bọ́ síta. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ padà.

Eré rẹ̀ kò le púpọ̀. Ipò mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí bẹ́líìtì: bíi mítà 24, 37 àti 61 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó lọ́ra jù fún stainless, èyí tó wà láàárín fún irin lásán, èyí tó yá jù fún alumíníọ̀mù àti idẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, èérún ni kí ẹ máa kà. Èérún tó ká bí irun, tó ń dán, tí kò sì jó yín lọ́wọ́ jù, ìyẹn ló dára. Bó bá ń jáde bí iyẹ̀, ẹrù orí ẹ̀rọ kò tó tàbí kí bíléèdì ti kú. Bó bá pọ́n tàbí tó ń ṣe búlúù, ẹ ti ń fi ipá mú un.

Bíléèdì tuntun, ẹ má fi gbogbo ẹrù lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣóńṣó eyín tuntun mú jù, ó fẹ́lẹ́ jù, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa wó ní wíwó tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Ẹ fi ìdajì ẹrù gé nǹkan bíi gígé mélòó kan lórí rọ́ọ̀dù irin lásán, kí ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí bíléèdì bá kú sí àárín iṣẹ́, tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ti tuntun bọ ojú tí ògbólógbòó ti gé sílẹ̀. Ojú yẹn ti há ju ohun tí tuntun lè gbà, eyín tó kán sì lè wà nínú rẹ̀, ó sì le ju irin tí ẹ ń gé lọ fíìfíì. Ẹ tú báìsì, ẹ yí irin náà padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì.